Ibi Tí Iná Ń Kó Ìtànṣán Sí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Irin Àlòkù, Iléru àti Ìdàrọ́



Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 1998, ilé-iṣẹ́ irin Acerinox tó wà ní Los Barrios, nítòsí Algeciras ní gúúsù Sípéènì, da irin àlòkù sínú iléru bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Sísíọ̀mù-137 wà láàárín irin náà, ohun kékeré tó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ kan rí, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Irin tí wọ́n rí nínú iléru lọ́jọ́ náà mọ́ tónítóní. Bí wọ́n bá fi rọ ṣíbí, èèyàn lè fi jẹun láìsí ewu. Inú eruku tí asẹ́ èéfín kó jọ ni ìtànṣán olóró wà, èyí tó sì bọ́ mọ́ asẹ́ lọ́wọ́ bá afẹ́fẹ́ rìn débi pé àwọn ẹ̀rọ tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò ní Faransé, Switzerland, Ítálì àti Jámánì rí i. Kí ilé-iṣẹ́ náà tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé wọn, díẹ̀ lára eruku ọ̀hún ti dé Huelva.

Ọdún mẹ́rìnlá ṣáájú ìgbà náà, ọ̀rọ̀ rí bákan náà ní Ciudad Juárez ní Mexico, àmọ́ ibi tó parí sí yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n tú ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, wọ́n tà á fún àwọn oníṣòwò irin àlòkù, nǹkan bí 6,000 hóró kóbáàtì-60 tó wà nínú rẹ̀ sì fọ́n sáàárín irin yòókù. Àwọn ayọ́rin fi irin náà ṣe rọ́ọ̀dù ìkọ́lé àti ẹsẹ̀ tábìlì. Ní oṣù Kìíní ọdún 1984, ọkọ̀ ẹrù kan tó kó rọ́ọ̀dù náà ṣìnà, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwádìí Los Alamos ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìtànṣán níbẹ̀ sì pariwo. Ká ní awakọ̀ náà mọ̀nà dáadáa ni, a kò mọ iye ilé tí irin yẹn ì bá ti wọ̀. Ní Taiwan, kò sí awakọ̀ tó ṣìnà. Àwọn èèyàn gbé inú ilé tí wọ́n fi rọ́ọ̀dù oníkóbáàtì kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọdún 1992 ni àṣírí tó tú.

Ní Sípéènì, irin mọ́, eruku bàjẹ́. Ní Mexico àti Taiwan, inú irin gan-an ni kóbáàtì jókòó sí, kò sì jáde mọ́. Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni mo ti fa ohun tí mo fẹ́ sọ yọ. Iná kì í pa ìtànṣán olóró. Àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù ni ìtànṣán ti ń jáde, ooru tó ń yọ́ irin kò sì lágbára kankan níbẹ̀. Pípín ni iná lè pín in: kí ó kó irú kan sínú irin, kí ó kó òmíràn sínú ìdàrọ́, kí ó fi òmíràn ránṣẹ́ sínú èéfín. Nítorí náà, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní fífi ìdàrọ́ fọ irin mọ́ jẹ́ iṣẹ́ gidi tó yẹ kí a fọwọ́ sí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ti mọ ohun tó wà lára irin kí ó tó dáná nìkan ni ó ti wúlò. Lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀, iléru kan náà yẹn lè sọ ohun tí èèyàn lè kó sínú àpótí kan di ìṣòro orílẹ̀-èdè márùn-ún.

Ìdàrọ́ kì í ṣe ohun àjèjì ní ilẹ̀ wa. Òkìtì rẹ̀ ṣì wà níbi tí àwọn aláàgbẹ̀dẹ àtijọ́ ti ń yọ irin lára òkúta. Nínú iléru òde òní, ẹfun òkúta jíjó, yanrìn àti àwọn ohun mìíràn ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ irin kí ìdàrọ́ tó dára lè wà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá yọ́, ìdàrọ́ á léfòó sórí irin bí epo ṣe ń léfòó sórí omi, nítorí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ, wọn kì í sì í pò pọ̀. Àǹfààní ibẹ̀ wà nínú bí èròjà kọ̀ọ̀kan ṣe nífẹ̀ẹ́ ọ́síjìn tó. Yùréníọ̀mù nífẹ̀ẹ́ ọ́síjìn ju irin lọ fíìfíì. Bí ọ́síjìn díẹ̀ bá wà nínú iléru, yùréníọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ gbà á, nígbà tó bá sì ti gbà á, kò lè gbé inú irin mọ́. Inú ìdàrọ́ ló máa ń wọ̀ lọ. Plùtóníọ̀mù, amẹríṣíọ̀mù àti tóríọ̀mù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Rédíọ̀mù àti stróńtíọ̀mù náà ń lọ síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Japan fi ìdánwò hàn ní àwọn ọdún 1980 pé irin tí yùréníọ̀mù ti bà jẹ́ lè mọ́ lọ́nà yìí débi pé ohun tó kù nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìdá kan nínú mílíọ̀nù yùréníọ̀mù àdánidá fún gíráàmù irin kan ní nǹkan bí 0.025 becquerel, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìtànṣán. Òdiwọ̀n tí Àjọ Àgbáyé lórí Agbára Átọ́míìkì fi lélẹ̀ fún yùréníọ̀mù àdánidá, tí irin kò fi ní nílò ìṣọ́ mọ́, jẹ́ becquerel 1 fún gíráàmù. Ohun tó kù kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogójì òdiwọ̀n náà lọ. Ti yùréníọ̀mù tí wọ́n ti fún ní agbára sí i nínú ilé-iṣẹ́ yàtọ̀, ìṣirò tirẹ̀ le ju báyìí lọ.

Iṣẹ́ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀ o. Ìdàrọ́ gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, ó gbọ́dọ̀ ṣàn, kò sì gbọ́dọ̀ ki bí àmọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ ro irin yíyọ́ pọ̀ kí apá ìsàlẹ̀ náà lè fara kan ìdàrọ́, nítorí pé ibi tí àwọn méjèèjì bá ti pàdé nìkan ni yùréníọ̀mù ti lè kọjá. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó sinmi. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí irin tí wọ́n rò pé ó mọ́ bá tún jáde pẹ̀lú yùréníọ̀mù, kì í ṣe pé yùréníọ̀mù pa dà yọ́ sínú irin. Ẹ̀kán ìdàrọ́ kéékèèké tí kò ráyè léfòó kí wọ́n tó da irin sínú mọ́ọ̀dù ló há sínú rẹ̀. Ìkánjú ló fà á. Bíríkì tí wọ́n fi tẹ́ inú iléru náà ń fa díẹ̀ mu, nítorí náà ẹni tó bá ń ṣírò ibi tí ìtànṣán lọ tí kò ka bíríkì mọ́ ọn, ìṣirò rẹ̀ kò pé.

Ọ̀nà kan wà tó tún mú ìpàdé irin àti ìdàrọ́ yìí jinlẹ̀ sí i. Wọ́n á kọ́kọ́ sọ irin tí wọ́n fẹ́ fọ̀ di ọ̀pá gbọọrọ, wọ́n á ti ìdí ọ̀pá náà bọ inú ìdàrọ́ tó ti yọ́, wọ́n á sì fi iná mànàmáná gba inú ọ̀pá kọjá sínú ìdàrọ́. Ìdàrọ́ ń dènà iná mànàmáná, ìdènà yẹn ló ń sọ ọ́ di ooru. Ìdí ọ̀pá á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, irin á máa kán tó, tó, tó, ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan á gba àárín ìdàrọ́ kọjá kí ó tó balẹ̀ sínú mọ́ọ̀dù bàbà tí omi ń tù lára, níbi tí yóò ti dì. Àwọn tó ń ṣe irin fún ọkọ̀ òfuurufú ló ń lo ọ̀nà yìí kí irin wọn má bàa ní àbùkù nínú. Fún irin tí yùréníọ̀mù bà jẹ́, ó dára nítorí pé kò sí ẹ̀kán irin tí ìdàrọ́ kò yí ká lójú ọ̀nà. Owó rẹ̀ ga, ó sì lọ́ra. Mi ò rò pé ó yẹ fún páìpù lásán. Irin tó níye lórí ni mo rò pé ó tọ́ sí.

Alumíníọ̀mù ni yóò kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ yìí fún wa. Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ọ́síjìn gidigidi, kò sì sí ìdí tí yùréníọ̀mù fi ní láti ṣẹ́gun rẹ̀ nínú ìjà náà. Ọ́síjìn tí yùréníọ̀mù ti gbà tẹ́lẹ̀, alumíníọ̀mù lè gbà á pa dà, kí yùréníọ̀mù sì yọ́ sínú rẹ̀. Iyọ̀ oní-fúlóráìdì àti oní-klóráìdì ni wọ́n ń lò dípò ìdàrọ́ ẹfun àti yanrìn, àbájáde rẹ̀ kò sì dúró ṣinṣin bíi ti irin. Síbẹ̀ èyí jẹ́ ìṣòro tí ọgbọ́n lè dín kù.

Èyí tí ọgbọ́n ìdàrọ́ kò lè dín kù rárá ni kóbáàtì. Kóbáàtì kò fẹ́ràn ọ́síjìn tó irin. Bí ẹnì kan bá ń fẹ́ ọ́síjìn sínú iléru kí kóbáàtì lè wọ ìdàrọ́, irin ni yóò kọ́kọ́ jóná tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni níkẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ sì ni tẹknísíọ̀mù, tó máa ń fara mọ́ irin àti níkẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ tẹknísíọ̀mù yìí ló dá wàhálà sílẹ̀ ní Oak Ridge ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ K-25 tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì láti pèsè yùréníọ̀mù ní níkẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ gan-an nínú, yùréníọ̀mù tí wọ́n ti lò rí nínú iléru átọ́míìkì sì kó tẹknísíọ̀mù-99 wọ inú rẹ̀. Ó tó nǹkan bí 211,000 ọdún kí ìdajì tẹknísíọ̀mù-99 tó tán. Nígbà tí ètò wà láti yọ́ níkẹ́ẹ̀lì náà kí wọ́n sì tà á sọ́jà, ariwo sọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2000, Bill Richardson tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba fún agbára dá títa irin tí ìtànṣán ti wọ inú ara rẹ̀ dúró. Ní oṣù Keje, ó tún dá títa irin àlòkù láti àwọn agbègbè tí ìtànṣán wà dúró. Àwọn kan sọ pé òṣèlú lásán ni. Lójú tèmi, àṣẹ náà gbòòrò jù, torí pé ó fi irin tó lè mọ́ pọ̀ mọ́ irin tí kò lè mọ́. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó bí i kì í ṣe ti òpè. Níkẹ́ẹ̀lì yẹn gan-an jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí ìdàrọ́ kò ti ní ìdáhùn.

Sísíọ̀mù, ní tirẹ̀, ń hó ní 671 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, irin kò sì ń yọ́ tán títí ooru yóò fi ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Kí irin tó yọ́, sísíọ̀mù ti di èéfín. Ìyẹn ló ṣẹlẹ̀ ní Los Barrios, ohun kan náà ló sì ṣẹlẹ̀ ní Thailand ní oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí ohun èlò onísísíọ̀mù kan sọnù ní ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná kan ní Prachinburi, tí wọ́n sì wá rí sísíọ̀mù nínú eruku ilé-iṣẹ́ ìyọ́rin kan ní agbègbè náà. Ọdún 25 ló wà láàárín méjèèjì.

Àtakò tó lágbára jù lọ sí gbogbo èyí ni ti àwọn tó sọ pé ẹ̀tàn ni: ẹ kò pa ìtànṣán, ẹ kàn ń fi irin mímọ́ lú u títí tí ẹ̀rọ kò fi ní rí i mọ́. Ó yẹ ká gbọ́ wọn. Bí ẹnì kan bá da irin mímọ́ mọ́ irin ẹlẹ́gbin kí òṣùwọ̀n lè wálẹ̀, ẹ̀tàn ni lóòótọ́, kò sì yẹ kí òfin kankan gbà á. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú iṣẹ́ ìdàrọ́ tó dára kì í ṣe lílú. Ìkójọ ni. Yùréníọ̀mù tó fọ́n ká sára tọ́ọ̀nù irin wá pé jọ sínú ìdàrọ́ tí kò ju ìwọ̀n díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún irin náà lọ, ó sì di ohun tí èèyàn lè dì, lè kà, lè ṣọ́. Ìdàrọ́ yẹn wá lóró ju irin àkọ́kọ́ lọ, àwọn tó ń polówó iṣẹ́ yìí kì í sì í fẹ́ mẹ́nu ba ìyẹn tó bó ṣe yẹ.

Yíyọ́ irin tún ní àǹfààní kejì tí àwọn alátakò kì í rò. Ẹ fojú inú wo páìpù tó wọ́, ẹ̀rọ fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ tó ní ihò àti ìdè. Ta ló lè ti ẹ̀rọ ìdíwọ̀n bọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀? Ásíìdì àti ìfọ̀ pẹ̀lú yanrìn ń ṣiṣẹ́ níbi tí ọwọ́ tó, wọ́n sì ń fi omi ẹlẹ́gbin sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí irin bá ti yọ́ tí wọ́n sì rò ó pọ̀, inú rẹ̀ á dọ́gba. Èérún kékeré tí wọ́n bù nínú ìṣù irin lè jẹ́rìí fún tọ́ọ̀nù odindi. A wá lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ láìfi ojú dá a. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní 2013 fi 0.1 becquerel fún gíráàmù sí kóbáàtì-60 àti sísíọ̀mù-137, èrò tó wà nídìí rẹ̀ sì ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà ju nǹkan bí microsievert 10 (òṣùwọ̀n ìtànṣán tó ń wọ ara èèyàn) lọ́dún lọ láti ara irin náà. Ilẹ̀, òkúta, afẹ́fẹ́, oúnjẹ àti ìtànṣán tó ń ti ojú ọ̀run wá ń fún èèyàn ní nǹkan bí 2,400 lọ́dún ní ìpíndọ́gba àgbáyé. Ẹni tó bá sọ pé 10 pọ̀ jù ní ẹ̀tọ́ sí èrò rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí yóò ṣe sí 2,400.

Kóbáàtì ńkọ́? Ìdáhùn tirẹ̀ ni sùúrù. Ní gbogbo ọdún 5.27, ìdajì rẹ̀ ń tán. Bí wọ́n bá yọ́ irin oníkóbáàtì, tí wọ́n dà á sí ìṣù, tí wọ́n wọn ìṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n lè tò ó síbi tó ní ìṣọ́. Lẹ́yìn ọdún 53, ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ní Krefeld ní Jámánì, ilé-iṣẹ́ Siempelkamp rí ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi irú irin bẹ́ẹ̀ ṣe àpótí nípọnnípọn tí wọ́n ń kó pàǹtí átọ́míìkì sí. Irin tó ní ìtànṣán díẹ̀ wá ń ṣe odi fún èyí tó ní púpọ̀. Mi ò tíì gbọ́ àtakò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ sí ìyẹn.

Àwọn mìíràn ní kí a kàn sin gbogbo rẹ̀. Ó rọrùn láti sọ. Irin tí a sin, irin mìíràn ni a óò wa nínú ilẹ̀ láti rọ́pò rẹ̀, ìwakùsà náà sì ní òkú tirẹ̀. Ibi ìsìnkú tí ìlú gbà láàyè fún pàǹtí átọ́míìkì ṣọ̀wọ́n, kò sì yẹ kí páìpù tó ṣófo gba àyè níbẹ̀. Síbẹ̀ mi ò ní sọ pé iléru kò léwu. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011, iléru ìyọ́rin ilé-iṣẹ́ Centraco, nítòsí Marcoule ní gúúsù Faransé, bú gbàmù. Òṣìṣẹ́ kan kú, mẹ́rin fara pa. Ewu iléru ló pa á, kì í ṣe ìtànṣán, ẹni tó bá sì ń ka iye tí iṣẹ́ yìí ń náni gbọ́dọ̀ ka ọkùnrin yẹn mọ́ ọn.

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ní iléru átọ́míìkì ni gbogbo èyí, pé kí ló kan Nàìjíríà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, ohun èlò amẹríṣíọ̀mù tí àwọn awapo ń lò láti yẹ inú kànga epo wò sọnù lójú ọ̀nà láàárín Warri àti Port Harcourt. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n rí i, láàárín irin àlòkù ní Jámánì. Ó ti ọwọ́ oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù bọ́ sọ́wọ́ oníkọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, ó gba èbúté jáde, ó sọdá òkun, kò sẹ́ni tó dá a dúró títí ó fi dé ibi tí wọ́n ti ń wá irú rẹ̀. Bí ó bá ti wọ iléru kan nílé ńkọ́? Ohun tí mo ti ṣàlàyé dáhùn: irin yóò jáde ní mímọ́, ìdàrọ́ yóò kó gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò yẹ ìdàrọ́ wò. Ní ọ̀pọ̀ ibi lágbàáyé, ìdàrọ́ ilé-iṣẹ́ irin ni wọ́n ń dà sójú ọ̀nà kí mọ́tò lè gba orí rẹ̀. Ìdajì amẹríṣíọ̀mù-241 kì í tán títí di ọdún 432.

Páìpù àwọn awapo náà wà ńbẹ̀. Omi tó ń bá epo rọ̀bì jáde láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ máa ń fi èèpá líle sílẹ̀ nínú páìpù, rédíọ̀mù sì máa ń wà nínú èèpá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá yọ́ irú páìpù yẹn, rédíọ̀mù á gba ọ̀nà ìdàrọ́ lọ, ṣùgbọ́n òjé-210 àti polóníọ̀mù-210 tí rédíọ̀mù bí á bá èéfín jáde. Páìpù kan ṣoṣo, ọ̀nà méjì, ẹni tó sì ń fi rọ́ọ̀dù pa owó kò ní èrò kankan lọ́kàn nípa méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ mi kí ó rò pé mo ní kí ilé-iṣẹ́ rọ́ọ̀dù wa bẹ̀rẹ̀ sí í fọ irin olóró. Ohun tí mo ń sọ ni pé wọ́n lè ti máa pín in láìmọ̀ nígbàkígbà tí irú irin bẹ́ẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀rọ tó ń ṣàwárí ìtànṣán lẹ́nu géètì, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ẹrù, ni ìdáàbòbò àkọ́kọ́, òun ni Sípéènì sì fi sí àwọn ilé-iṣẹ́ irin wọn lẹ́yìn 1998. Ìkejì ni kí wọ́n máa yẹ eruku àti ìdàrọ́ wò, kì í ṣe irin nìkan, nítorí pé ẹ̀rọ ẹnu géètì kò lè rí ohun tí òjé bá bò mọ́lẹ̀ dáadáa. Wọ́n á ní owó rẹ̀ pọ̀. Owó tí Acerinox pàdánù nígbà tí iṣẹ́ dúró tí wọ́n ń fọ ilé-iṣẹ́ náà tó mílíọ̀nù lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ dọ́là.

Ìbéèrè kan ṣì kù, òun ló le jù: ta ló ni ìdàrọ́? Ní ilé-iṣẹ́ ìyọ́rin tó wà ní Studsvik, nítòsí Nyköping ní Sweden, ẹni tó kó irin wá ló ń gba ìdàrọ́ àti eruku rẹ̀ pa dà. Àdéhùn náà kò lọ́jú pọ̀ torí pé orúkọ ẹni tó ni irin wà lórí ìwé. Ní ọjà kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù, irin ti gba ọwọ́ ọmọ tó ń ti kẹ̀kẹ́, ọwọ́ alágbàtà, ọwọ́ onímọ́tò kí ó tó dé iléru, a kò sì lè dá ìdàrọ́ pa dà fún ọmọ tó ń ti kẹ̀kẹ́. Ẹni tí a lè dá a pa dà fún ni ẹni tó gba ìwé àṣẹ láti kó ohun olóró náà wọ orílẹ̀-èdè yìí ní ìbẹ̀rẹ̀. NNRA, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń ṣàkóso ohun olóró átọ́míìkì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2001, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí ìwé náà má ṣe parí lọ́jọ́ tí ohun èlò bá sọnù tàbí tó bá gbó, kí owó tí wọ́n fi ṣe ìdógò lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á sì wà nílẹ̀ títí wọn yóò fi mú ẹ̀rí wá pé ó ti dé ibi tí a ń tọ́jú irú rẹ̀ sí.